Ẹ̀rí Kantíkantí

Ní òkè Carchi, níbi tí ìkùukùu ti ń jí ṣáájú èèyàn,
Zoila Cuasapaz wa pòtétò mẹ́ta,
ó fi etí ṣáàlì nù wọ́n,
ó gbé wọn ka orí tábìlì
bí ẹni gbé ọmọ fún nọ́ọ̀sì.

Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní:
"Ọwọ́ Olmedo ti ń gbọ̀n láti ìkórè èṣí.
Kọ́ọ̀bù kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.
Dókítà ní ọtí ni.
Ọkọ mi kì í mutí."

Mireya Tulcanaza, tó ti Quito wá,
ṣí àpótí kan tí kò ju ilé ìṣáná lọ.
Bébà pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀,
lórí bébà náà, ohun tí ojú kò lè tó:
ensáìmù kantíkantí.
Bẹ́ẹ̀ ni, kantíkantí,
èyí tí í pòòyì lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rà,
tí a lé, tó padà, tí a tún lé.

Wọ́n ti tún un dá ní yàrá ìwádìí.
Wọ́n yọ bíríkì kan lára ògiri rẹ̀,
wọ́n fi òmíràn dípò,
ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wá fẹ̀ sí i
kí májèlé lè tètè ráyè wọlé.
Ta ní í kọ́lé kí olè lè rọ́nà wọ̀ ọ́?
Ẹni tó fẹ́ mú olè ni.

Bí ara rẹ̀ bá dá, á ṣiṣẹ́, bébà á pọ́n bí ìyeyè.
Bí májèlé bá dè é lọ́wọ́, funfun ni bébà ń wà.
Ìdákẹ́ ló fi ń rojọ́.

A dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Adìẹ kan gba abẹ́ tábìlì kọjá.
Pòtétò kìíní: ìyeyè.
Ìkejì: ìyeyè, ṣùgbọ́n ó fà á kó tó pọ́n.
Ìkẹta, tí wọ́n wa létí odò,
níbi tí Olmedo ti í ṣan táńkì tó fi ń fọ́n oko:
funfun.
Funfun bí eyín ọmọdé.

Zoila wo bébà náà títí.
"Kòkòrò tí à ń torí irú rẹ̀ fọ́n oògùn,
òun náà ló wá jẹ́rìí fún wa?"
Mireya kò fèsì. Mo kọ ọjọ́ sílẹ̀, mo kọ wákàtí.

Olmedo yọ láti ẹ̀yìn ilé.
Ó mú bébà náà; bébà gbọ̀n, funfun inú rẹ̀ gbọ̀n.
Ó gbé e padà jẹ́jẹ́ sórí tábìlì,
ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:

"Ti ọwọ́ ńkọ́?
Ṣé ẹ ní bébà ti ọwọ́?"