Abẹ́rẹ́ Kò Rìn

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ẹlẹ́sẹ̀ ni, kò dúró de iná ìjọba.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé ní Òkèṣà, nílùú Iléṣà,
tí mo ti ń fẹsẹ̀ wà á,
tí àwa méjèèjì ò tíì kúrò lójú kan.

Oyèbọ̀dé dé láti Ifẹ̀ lánàá, ọmọ mi kẹta.
Àpò rẹ̀ wúwo, mo rò pé iṣu ni. Òkúta ni.
Òkúta ló ń kà nílé ìwé gíga.
Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ọwọ́ mi
bí mo ṣe ń ti àńkárá kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́,
ló bá pariwo: “Màámi, ẹ wò ó! Òkun nìyẹn!”

Mo ní òkun wo?
Omi tó wà níbí, inú kẹ́tùlù ló wà.

Ó ní ìsàlẹ̀ òkun kì í ṣe ilẹ̀ tó dúró.
Pẹpẹ ni, ó fẹ̀, ó le, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀
bí èékánná ṣe ń hù.
Ṣùgbọ́n iná kan ń bẹ nísàlẹ̀ rẹ̀, nínú ikùn ayé,
iná tí kì í pa ipò dà.
Níbi tó bá ti gún pẹpẹ náà,
òkúta yíyọ́ á tú jáde, á bá omi jà, á hó yaa,
á dì, á gun ara rẹ̀ lórí,
títí orí rẹ̀ á fi yọ lókè omi, á di erékùṣù.
Pẹpẹ á tún sún. Erékùṣù á bá a lọ.
Iná ò ní bá a lọ. Á gún ojú mìíràn.
“Abẹ́rẹ́ kò rìn, Màámi. Aṣọ ló ń rìn.”

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mo wo aṣọ.
Lóòótọ́, ojú ìránṣọ tò lọ rẹrẹ,
èyí tó sún mọ́ irin ni àbúrò gbogbo wọn.

Mo ní, àwọn tó ti jìnnà ńkọ́?

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní wọ́n ń tutù.
Wọ́n ń wúwo. Òjò ń họ wọ́n, ìgbì ń jẹ wọ́n létí,
ilẹ̀ abẹ́ wọn ń rì, àwọn náà ń rì,
títí òkè ńlá á fi di ohun tí ẹja ń gba orí rẹ̀ kọjá.
Níbi tí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ kan
a máa kọ́lé iyùn yí ọrùn òkè náà ká.
Òkè á rì tán, iyùn á ṣẹ́kù lójú omi,
bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ọrùn tó ni ín ti lọ.

Mi ò fèsì.
Mo rántí Adéwùmí, àkọ́bí mi, tó wà ní Kánádà.
Lọ́dún kìíní, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pè.
Ní báyìí, ó di ọdún tuntun.
Èkejì rẹ̀ wà ní Kàdúná; ohùn òun náà ti ń lọ sílẹ̀.

Bàbá bàbá mi ro oko kòkó ní Fanandopó,
ó máa ń sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.
Oyèbọ̀dé ní bàbá ò purọ́, iná ló bí ibẹ̀ náà.
Wo ọ̀rọ̀ abẹ́ òkun tó wá bá ni ní Iléṣà,
ìlú tí wúrà inú ilẹ̀ rẹ̀ ti gbàgbé iná tó sè é.

Ó ní ẹ̀wọ̀n erékùṣù kan wà ní òkun Pàsífíìkì
tí ìlà rẹ̀ ṣẹ́po lójijì, bí ìgbúnwọ́.
Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e lórí:
ṣé aṣọ ló yí ni, àbí abẹ́rẹ́ pàápàá ló sún?

Mo rẹ́rìn-ín. Tẹ́lọ̀ ni mí.
Ní ọrùn bùbá, ọwọ́ ló ń yí aṣọ,
ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ a máa mì.

Mo wá nọ́ńbà Adéwùmí nínú fóònù. Ó ń dún.
Ìyá Fadérera yọjú, bùbá rẹ̀ ńkọ́?
Mo gbọ́wọ́ sókè sí i. Dúró ná.
Ó ṣì ń dún.