Sí Alùpùpù Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Wọ́n ti dé lónìí, ìwọ tó sùn sábẹ́ tàpólì.
Láti Òkè-Àgúnlá ni mo ti ń gbọ́ wọn.
Kì í ṣe ohùn ọ̀kadà tó ń wá èrò ní Yàbá;
ó jinlẹ̀, bí òjò tó ń bọ̀ lórí oko kòkó
kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kan ewé.

Mẹ́tàlélógójì ni mo kà. Mo tún un kà, nítorí ojú mi.
Obìnrin ni gbogbo wọn.
Ọdọọdún ni wọ́n ń pàdé, Mojírayọ̀ ló sọ fún mi:
èṣí, Kùmásí; ọdún tó ṣáájú rẹ̀, Kútọnu;
lọ́tẹ̀ yìí, àní Oǹdó, ìlú tiwa yìí.

Afíwá gun tirẹ̀ wá láti Lomé,
ó so bàtà ọmọ rẹ̀ kékeré mọ́ iwájú alùpùpù.
Ọ̀kan ti Maradí wá, ó wé gèlè sábẹ́ akoto.
Àwọn méjì wá láti ìlú òtútù,
oòrùn ọ̀nà Òwènà ti sè wọ́n pupa bí edé.

Ṣé o rántí ọdún tí mo rà ọ́?
Àjọ oṣù méjìdínlógún, mo ń jẹ gààrí láìsí ẹja.
Agbẹ̀bí ni mí, ìrọbí kì í dúró de mọ́tò.
Ìyá ọkọ mi káwọ́ lérí:
"Obìnrin tó bá la ẹsẹ̀ lórí irin gbígbóná,
ọmọ wo ni yóò dúró nínú rẹ̀?"
Márùn-ún ló dúró.
Àbíkẹ́yìn, orí rẹ ni omi rẹ̀ ti ya, nítòsí Bọ́lọ́rúndúró,
òun nìkan ló sì ń bẹ̀rù alùpùpù nínú gbogbo wọn.

Ẹrẹ̀ mu wá dé orúnkún lóru ọjọ́ kan,
àpò iṣẹ́ wà lẹ́yìn mi bí ìkókó,
iná iwájú rẹ ni mo fi rí ibi tí mo ti gé ìwọ́.
Ọmọ náà ti di baba oníkòkó báyìí.
Púpù ni wọ́n ṣì ń pè é.

Ìlú yìí, obìnrin ló kọ́kọ́ jọba níbẹ̀,
Púpùpú lorúkọ rẹ̀.
Àwọn tó ń bú mi nígbà náà, tí wọ́n ní alùpùpù kì í ṣe tobìnrin,
ṣé etí wọn kò gbọ́ orúkọ méjèèjì ni?

Níwájú gbọ̀ngàn ìlú, ti Afíwá kọ̀, kò jí.
Àwọn ọ̀dọ́ ṣù bò ó, wọ́n ń wo fóònù.
Mo ní, "Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò."
Wọ́n rín mi ní ẹ̀rín tí à ń rín fún arúgbó.
N kò gbọ́ Faransé, Afíwá kò gbọ́ Yorùbá;
ó wo ọwọ́ mi, ó gbé sípánà lé e.
Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.
Mo fi èékánná ha á, mo fi etí ìró mi nù ún.
Ìgbà tó bú jáde,
mo wo ilẹ̀, kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Wọ́n ní kí n gùn ún. Orúnkún mi ló dá wọn lóhùn.

Mo wálé, mo ká tàpólì kúrò lórí rẹ.
Eku ti bímọ sínú àga rẹ.
Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ ná, agbẹ̀bí ni mí.
Mojírayọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní,
"Ìyá àgbà, Akósóńbò ni tọdún tó ń bọ̀."
N kò fèsì.
Ó ní, "Níbo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà?"
Mo ní ó ti sọnù tipẹ́.

Ó gbóná láàárín ọmú mi bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.