Ẹsẹ̀ Òsì

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì la bẹ̀rẹ̀ sí í di yàrá mi sínú páálí,
yàrá kan ṣoṣo tí mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù fọ́dún mẹ́fà
ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ìsọ̀kun, n'Íléṣà,
níbi tí oníbàárà kankan ò ti kanlẹ̀kùn rí.
Inú fóònù ni wọ́n ti ń bá mi nájà:
ará Sókótó, ará Kàlàbá,
ará ibi tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀ já.
Bàtà òkìríkà ni mò ń tà.
Mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀,
mo máa ń yà á ní fọ́tò lórí aṣọ funfun,
ẹ ó fẹ́ẹ̀ẹ́ búra pé kò tẹ ilẹ̀ rí.

Ọkọ mi ti wà ní Yọ́là láti oṣù Ẹrẹ́nà, iṣẹ́ ló gbé e lọ.
Ó ní, "Ẹ máa bọ̀. Àyè wà níbí fún bàtà rẹ."
Ó dùn létí.
Ṣùgbọ́n ta ni yóò kó igba bàtà ó lé mọ́kàndínlógún
gba Lọ́kọ́ja, gba Jálíńgò,
kí ẹsẹ̀ kan má ṣìnà bá ẹlẹ́sẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀?
A so wọ́n ní méjì-méjì bí ẹni ń so adìyẹ ọjà.
Mo kọ nọ́ńbà sára páálí,
Ìwàládé, ọmọ mi, ń kà wọ́n sókè bíi tíṣà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì.

Ìyá mi jókòó sórí páálí kọkànlélógún,
èyí tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé.
"Baba baba rẹ," ó ní, "orí ló fi ru aṣọ
láti ibí dé ilẹ̀ Àkókó,
kò sí páálí, kò sí sẹ́lótéèpù.
Bọ́jọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè.
Oòrùn á ràn, òjò á rọ̀,
Òṣómàáló ò ní í nàró títí owó á fi pé lọ́wọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà mọ òṣó ló.
Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi lóṣòó ti Mọ́ńjọlá,
ará Ọ̀fà, nítorí bàtà aláwọ pupa rúsúrúsú kan,
ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá náírà, àwìn.
Ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló bá nínú ẹrù.
Mo ní irọ́ ni. Mo ní, ta ní í fi ẹsẹ̀ kan ránṣẹ́?
Mo gbé àwòrán rẹ̀ síta fáráyé:
ẹ ṣọ́ra fún un o, kì í sanwó.
Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì.
Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Ìgbà tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri,
nǹkan já bọ́, pọ̀.

Ẹsẹ̀ òsì.
Aláǹtakùn ti kọ́lé sẹ́nu rẹ̀,
nọ́ńbà tí mo fọwọ́ ara mi kọ ṣì wà ní gìgísẹ̀.

Ìyá mi ò sọ nǹkan kan.
Orúnkún mi ló kọ́kọ́ gbọ́.
Mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tó ti ṣófo,
n ò mọ ẹni tí mo fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́:
*Mọ́ńjọlá, mo ti rí i. Jọ̀wọ́.*
Àmì kan ṣoṣo ló yọ, kò di méjì.
Mo pè é. Kò wọlé.

Sàmínù tẹ fèrè ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́ẹ̀mẹta.
Gbogbo páálí wọlé, a fi tapólì bò wọ́n.
Ẹyọ kan ò wọ páálí: orí itan mi ló wà
títí a fi kọjá Ìpetu.
Awakọ̀ wò ó, ó tún wojú ọ̀nà.
"Màdáàmù, èkejì ẹ̀ ńkọ́?"
"Ó wà l'Ọ́fà."
"Ọ̀fà kọ́ là ń lọ o."
Mo ní mo mọ̀.