Ilẹ̀ Yìí Kan

Àgbálùmọ̀ mẹ́fà ni mo gbìn l'Ókè-Bàálẹ̀.
Ọdún kẹta rèé, wọn ò ga ju orúnkún mi lọ;
ewé pọ́n rúsúrúsú bí ojú ẹni ibà ń ṣe,
ṣóńṣó gbòǹgbò dúdú bí òwú àtùpà.
Mo ní ajá aládùúgbò ló ń tọ̀ sí i.

Ọ̀ṣúnkúnlé fi àtàǹpàkò tẹ ìkarahun ìgbín kan,
ó fọ́ pẹ́ẹ́.
"Ìgbín ibí gan-an ò rí ẹfun kọ́lé,
kí ni igi ó fi nà? Ilẹ̀ yìí kan."
Ilẹ̀ kan, bí ẹ̀kọ ìjẹta?
"Òjò ń fọ adùn rẹ̀ lọ sí Ọ̀ṣun, díẹ̀ díẹ̀."

Ìkeje, tí n ò gbìn,
hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ògiri
níbi tí ìyá ìyá mi, aláró, ń da eérú sí.
Ó ti ga ju páànù lọ.

Mo ń tọrọ èèpo ẹyin lọ́wọ́ Múnírà onítíì.
Ó bi mí: adìyẹ wo ni mo fẹ́ dá a padà fún?
Mo ń gún un lódó.
Láàárọ̀ yìí, ewé kan ṣoṣo
yọ dúdú minimini.