Ọjọ́ Kọkànlá

Ọ̀gbẹ́ni Curnow, mo kí ọ.
Èmi ni Loveday tó ra ọkọ̀ aláwọ̀ fàdákà yẹn,
èyí tó wà níwájú pátápátá nínú ọgbà rẹ ní Penzance,
tí o fi òróró pa táyà rẹ̀ títí ó fi ń dán bí ẹja tútù.
O fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń gbá ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn.
O ní, "Ìyá àgbà kan ló ni ín tẹ́lẹ̀.
Kò gbé e kọjá ṣọ́ọ̀ṣì rí."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbà ọ́ gbọ́.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti igba pọ́n-ùn,
owó ọdún méjì tí mo fi ń wẹ àwọn arúgbó,
tí mo ń po tíì wọn, tí mo ń gé èékánná wọn.

Ọjọ́ kìíní, ó lọ.
Ọjọ́ kejì, ó lọ.
Ọjọ́ kẹsàn-án, ó ń kùn lábẹ́ bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù;
mo yí rédíò sókè, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Ọjọ́ kọkànlá, lórí òkè Newlyn, nínú òjò,
aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
mo ní kí jíà kejì wọlé, ó kọ̀.
Mo dá a padà sí ìkíní, ó ké,
ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ó kọjú ìdí sí òkun.
Lókè níbẹ̀, bàbá Tregear, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
jókòó sí etí ibùsùn pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan,
ó ń retí ẹni tí yóò bá a wọ èkejì.

Mo pè ọ́. O ní,
"Bó o ṣe rí i lo ṣe rà á."
O ní àlòkù kì í ṣe tuntun.
Ta ló ń fi ojú lásán rí inú jíà?
Ẹni tó ta ìgò oyin, tí a bá omi nísàlẹ̀ rẹ̀,
ṣé yóò ní ìgò la rí, kí a máa la ìgò?
O tún wá rọ ohùn: "Fara balẹ̀, ìyá.
Mẹkáníìkì mi yóò ráyè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

Jory tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà,
tó fi ogójì ọdún tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìpẹja ṣe,
ló wọ abẹ́ ọkọ̀, ló tú jíà, ló jáde pẹ̀lú ìka dúdú.
Ó fi ìka náà hàn mí, kò sọ̀rọ̀.
Lẹ́búlẹ́bú pákó.
Wọ́n dà á sínú òróró jíà
kí ó lè pa ẹnu mọ́ títí yóò fi jáde nílé yín.

Ká ní aládùúgbò kan ló tà á fún mi lẹ́bàá ọ̀nà,
ǹ bá gbé e mì, ǹ bá fi ṣe àríkọ́gbọ́n.
Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni ọ́. Orúkọ rẹ wà lára ògiri,
lẹ́tà rẹ̀ ga jù mí lọ.
Kerensa ní ọ́fíìsì ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ ṣí ìwé òfin, ó fi bírò tọ́ka sí i:
ọjà oníṣòwò gbọ́dọ̀ tó owó tí a san lé e,
àlòkù tàbí tuntun;
bí kò bá sì tó o láàárín ọgbọ̀n ọjọ́,
kí olùrà kọ̀ ọ́, kí ó gba owó rẹ̀ pé.
Ọgbọ̀n ọjọ́, Ọ̀gbẹ́ni Curnow.
Mo wá ṣírò ọ̀sẹ̀ márùn-ún rẹ lé mọ́kànlá.
Àgbà oníṣirò ni ọ́.

Nítorí náà, lẹ́tà mi rè é, àwòrán ìka Jory wà nínú rẹ̀.
Mo kọ ọkọ̀ rẹ. Wá gbé e níwájú ilé mi,
ìdọ̀tí ẹyẹ òkun ti wà lórí rẹ̀, èmi ò ní fọ̀ ọ́.
Láràárọ̀ mo ń fẹsẹ̀ gun òkè Newlyn.
Bàtà bàbá Tregear ń pé méjì, ó kàn ń pẹ́ ni.
Òní ni ọjọ́ kọkàndínlógún.
Ó ku mọ́kànlá.