Ẹṣin Igi

Èmi ni mo máa ń gbẹ́ kálàmù fún un.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó létí fèrèsé ní Ravnsø,
tí òtútù ń jẹ mí níka,
tí Eggert Lindenskov ń rìn síwá sẹ́yìn lẹ́yìn mi,
tó ń pe ọ̀rọ̀ kó tó rò ó tán:
“Kọ ọ́. Rárá, pa á rẹ́. Kọ ọ́.”

Onílẹ̀ ni, láti etí odò
títí dé ibi tí iyanrìn ti ń jẹ oko ráì.
Alákòóso ẹkùn ni pẹ̀lú, ojú ọba, etí ọba,
ẹni tí ń ka iye màlúù, iye òkú, iye afárá tó wó.
Ẹ̀wù méjì lọ́rùn ẹnìkan ṣoṣo:
ọ̀kan ń wọ́lẹ̀, èkejì há a lápá.

Ẹṣin kan wà lágbàlá rẹ̀ tí kì í jẹ koríko.
Igi ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ mú bí abẹ.
Tøger gùn ún láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán
nítorí igi kan tí ìjì wó,
tó wọ́ lọ sílé kí òtútù má baà pa ọmọ rẹ̀.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: wákàtí mẹ́fà, òkúta méjì lẹ́sẹ̀.
Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.
Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ó wá di ọdún tí ìwé ọba dé láti Kọpẹnhágìn
pé a tú àgbẹ̀ kúrò lára ilẹ̀,
pé ọmọ lè fi abúlé tí wọ́n bí i sí sílẹ̀.
Alákòóso gbọ́dọ̀ kà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.
Alákòóso kà á,
onílẹ̀ gbọ́ ọ,
ikọ́ kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì.

Kò sẹ́ni tó hó yèè.
Tøger kàn dé fìlà rẹ̀ padà,
níwájú olúwa rẹ̀, fìlà!
Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.
Ó kẹ̀yìn sí wa,
a ń wò ó títí ó fi kéré bí èèrà lójú ọ̀nà Aalborg.

Lóru ọjọ́ náà, ó ní kí n gbé fìtílà tẹ̀lé òun.
Ó mú àáké, ẹni tí kò la igi rí láyé rẹ̀.
Àáké ń ta padà, ó ń búra, òógùn bò ó nínú yìnyín.
Igi náà tutù, èéfín ló ń rú, kò fẹ́ jó.
Ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́.

“Má kọ èyí sílẹ̀,” ló wí.

Àná la sin ín.
Òkúta ibojì rẹ̀ kún fún oyè, kò sí àyè fún ẹṣin.
Mo gbẹ́ kálàmù kan sí i.