Ibùsùn Kan

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóru, ní Rochester, Minnesota.
Yìnyín ti bo ọkọ̀ mi níta,
ó dà bí ebè tí ẹnikẹ́ni ò ní gbin iṣu sí.
Nínú ibí, ooru ń mú. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà,
ó dúdú, ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù,
ṣùgbọ́n yàrá méje la là sí ikùn rẹ̀,
yàrá kọ̀ọ̀kan sì gbà pé òun nìkan ló nilé.

Prósẹ́sọ̀ mẹ́rìnlélógún. Èmi ni olùpín.
Nígbà tí a kọ́kọ́ là á, gbogbo ẹ̀ka
ló bèèrè bí ẹni tí ìyàn lé wọ̀lú:
"Ẹ fún wa ní mẹ́jọ." "Mẹ́fà ò lè tó wa láéláé."
Ọ̀gá mi Tveit, àgbàlagbà tí kì í yára sọ̀rọ̀,
kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní,
"Má wo ohun tí wọ́n bèèrè. Wo ohun tí wọ́n jẹ."

Mo wò ó.
Yàrá owó oṣù ń sùn títí di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n,
prósẹ́sọ̀ mẹ́fà ń ṣọ́ oorun rẹ̀.
Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, lára ògiri kan náà,
ń mí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú méjì,
èsì àwọn aláìsàn tò sẹ́nu ọ̀nà.
Ọ̀kan tún wà tí Marisol dá sílẹ̀ fún ìdánwò.
Marisol ti kó lọ sí Duluth láti ìgbà ooru;
ìrántí gíìgì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ṣì ń dúró dè é,
bí oúnjẹ tí a dé sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní bọ̀.

Ìwé kọ́ ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí.
Lọ́dún tí mo dé, èmi àti Akínlàjà
jọ háyà yàrá kan: ibùsùn kan, kúbùsù kan.
Ó ń tọ́jú arúgbó lọ́sàn-án, èmi ń gbálẹ̀ lóru.
Bó bá ti ń wọ bàtà, èmi ń bọ́ tèmi.
Oṣù mẹ́rìnlá, ibùsùn yẹn ò tutù rí.
Ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń há:
ẹni tí iṣẹ́ bá lù jù lọ́sẹ̀ náà ló ń gùn ún,
ẹnì kejì á tẹ́ ẹ̀wù òtútù sílẹ̀.

Mo fi ìdajì prósẹ́sọ̀ sílẹ̀ fún owó oṣù,
ìyókù di ti ẹni tí ebi bá ń pa;
tó bá di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, á rí i gbà padà.
Mo gba ìrántí Marisol, mo bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi.
Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn... ẹ mọ ìyókù.
Ìlà pupa ojú gíláàsì rọra sọ̀ kalẹ̀.
Kò sẹ́ni tó jí nítorí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Aago mẹ́fà, mo ha yìnyín, mo wakọ̀ relé.
Ilé tèmi ni báyìí, yàrá mẹ́rin,
ẹ̀rọ amúlémóoru ń jó owó nínú gbogbo wọn.
Akínlàjà wà ní Winnipeg. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti pè é.
Mo jókòó sétí ibùsùn tó fẹ̀ jù mí lọ,
mo na ọwọ́ sí apá kejì.
Ó tutù.